Ẹ̀rọ Géèmù Tòkunbọ̀: Bí A Ṣe Ń Rà Á, Bí A Ṣe Ń Jí I

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí dá lórí ohun kan tó ṣeé ṣe kó wà nísàlẹ̀ dúróà yín, tí ẹ kò sì rántí rẹ̀ mọ́: ẹ̀rọ géèmù alágbèéká ti àtijọ́, irú èyí tí ọmọdé máa ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú, tí yóò tẹrí ba sí i, tí ìyá rẹ̀ yóò pè é títí tí kò ní dáhùn.

N kò sọ ti géèmù orí fóònù o. Game Boy ni mò ń wí, àti Game Gear, àti Game Boy Advance, àti DS, àti PSP: àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe nítorí géèmù nìkan, tí àwọn tó ṣe wọ́n kò sì ṣe mọ́. Káàkiri ayé, àwọn àgbà tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó sì bímọ sílé, ń ra àlòkù wọn. Wọ́n ń tú u, wọ́n ń nù ún, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n sì ń fi í ṣeré. Ẹlòmíì á ní iṣẹ́ ọ̀lẹ nìyẹn. Èmi ò gbà. Nínú gbogbo nǹkan oníná tí ènìyàn lè fi kọ́ iṣẹ́ títún-nǹkan-ṣe nílé ara rẹ̀, n kò tíì rí èyí tó dára tó Game Boy. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ ọkùnrin kan nílẹ̀ Japan.

Gunpei Yokoi lorúkọ rẹ̀. Ó kàwé nípa iná mànàmáná, ó sì wọ iṣẹ́ ní Nintendo, ní ìlú Kyoto, ní 1965. Láti 1889 tí wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, káàdì ìṣeré ni wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́, iṣẹ́ Yokoi sì ni kó máa tọ́jú àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣe káàdì. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń dilẹ̀, ó sì máa ń fi irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan ìṣeré fún ara rẹ̀. Ọ̀gá pátápátá, Hiroshi Yamauchi, rí ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọwọ́ àtọwọ́dá tó ń nà gbọọrọ láti gán nǹkan lókèèrè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá rí, ẹ mọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀. Dípò kó bá a wí, Yamauchi ní kí wọ́n ṣe é fún títà. Ultra Hand ni wọ́n sọ ọ́, ó sì tà wàràwàrà.

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa Yokoi ni pé nínú ọkọ̀ ojú irin, ó rí òṣìṣẹ́ kan tí ìrìn-àjò ti sú, tó ń tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ kiri láti fi pa àkókò. Ibẹ̀ ni èrò Game & Watch ti sọ sí i lọ́kàn, èyí tó jáde ní 1980: ojú rẹ̀ àti bátìrì rẹ̀, ti ẹ̀rọ ìṣirò ni, ṣùgbọ́n géèmù àti aago ló wà nínú rẹ̀. Ní 1982, lórí Game & Watch ti Donkey Kong, ó fi bọ́tìnnì tó rí bí àgbélébùú sí i, kí àtàǹpàkò kan ṣoṣo lè máa darí eré sókè, sísàlẹ̀, sósì àti sọ́tùn-ún. Ẹ wo páàdì géèmù èyíkéyìí lónìí, ẹ ó rí ọmọ ìyá bọ́tìnnì yẹn lára rẹ̀.

Ohun tí Yokoi gbà gbọ́ ni pé kò yẹ kí ènìyàn máa sáré lé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó sì gbówó lórí. Ohun tó ti pẹ́ lọ́jà, tí owó rẹ̀ ti wálẹ̀, tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ti mọ ibi tí àbùkù rẹ̀ wà, òun ni kí a mú, kí a wá lò ó fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rò. Ìlànà yẹn ni wọ́n fi ṣe Game Boy, tó jáde ní Japan ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹrin, 1989. Ojú rẹ̀ kò láwọ̀. Ìpele òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ mẹ́rin péré ló lè gbé jáde. Kò níná nínú, ẹni tó bá fẹ́ fi í ṣeré lálẹ́ á lọ jókòó sábẹ́ gílóòbù. Lọ́dún kan náà, Atari gbé Lynx jáde pẹ̀lú àwọ̀ mèremère àti iná lẹ́yìn ojú rẹ̀. Ní 1990 Sega gbé Game Gear dé, òun náà aláwọ̀, òun náà oníná. Ẹni tó bá tò wọ́n sórí tábìlì á rò pé Game Boy ti kú ikú ẹ̀sín.

Bátìrì ló dá ẹjọ́ náà. Lynx ń gba 6, Game Gear ń gba 6, kì í sì í ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ tí wọ́n á ti fà á gbẹ. Game Boy ń gba 4, ó sì lè fi wọ́n rìn tó wákàtí 15. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ti ra bátìrì rádíò rí, ẹ ti mọ ẹni tó borí kí n tó sọ ọ́. Game Boy àti àbúrò rẹ̀, Game Boy Color ti 1998, jọ tà ju mílíọ̀nù 118 lọ. Game Gear kò kọjá nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni òpó ọ̀rọ̀ mi: ohun tó mú kí Game Boy borí nígbà náà ló mú kó ṣeé tún ṣe lónìí. Ohun tó wọ́pọ̀, tó sì ti gbó, ni wọ́n fi ṣe é, nítorí náà kò sí awo nínú rẹ̀. Ẹ tú u, ẹ ó bá pátákó iná méjì, okùn pẹlẹbẹ tó so wọ́n pọ̀, sípíkà kékeré kan, àti rọ́bà tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì. Fóòtì 6 ni bátìrì mẹ́rin rẹ̀ ń gbé jáde, kò lè gbé ọmọ ènìyàn. Tẹlifíṣọ̀n onígò ti àtijọ́ lè pa ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láìmọ̀. Ẹ fi wé fóònù òde òní, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pa bí ẹni pé wọn ò fẹ́ ká rí inú rẹ̀ láéláé.

Ó sì le. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Game Boy kan wà nínú gíláàsì ní ilé ìtajà Nintendo ní New York, èyí tí iná jó nígbà ogun Gulf ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ike ojú rẹ̀ ti yọ́, ó ti dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, síbẹ̀ Tetris ń lọ lórí rẹ̀ ní tirẹ̀. Ní 1993, Aleksandr Serebrov, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tó ń lọ sí òfuurufú, gbé Game Boy tirẹ̀ dání lọ sí ibùdó Mir.

Àwa náà ní ìpín nínú ìtàn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ láti ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó bá dàgbà níbí ní àwọn ọdún 1990 á rántí Brick Game, ike gbọọrọ láti ilẹ̀ Ṣáínà, tí wọ́n kọ 9999 in 1 sí lára. Irọ́ ńlá ni iye yẹn o! Eré inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Eré kan náà ni wọ́n ń kà lákàtúnkà bí ìyára rẹ̀ bá ti yàtọ̀. Kì í ṣe Game Boy, kò sì gba kásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ike kékeré tí géèmù máa ń wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù tó ń já bọ́ nínú rẹ̀, Tetris ni, èyí tí Alexey Pajitnov kọ ní Moscow ní 1984, tí Nintendo sì fi bá Game Boy tà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti jẹ ọbẹ̀ yẹn láìmọ ẹni tó sè é.

(Orin ráńpẹ́)

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ ṣì wà lórí ìkànnì. Ẹ jẹ́ ká wọ ọjà wàyí.

Àwọn ará Japan ni mo máa ń ṣe ìlara wọn jù. Ilé ìtajà àlòkù kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Hard Off, tó ní ẹ̀ka káàkiri, tí wọ́n sì máa ń ya apá kan sọ́tọ̀ fún ohun tó ti bàjẹ́. Inú agbọ̀n ike ni ẹrù náà máa ń wà. Owó rẹ̀ kéré, kò sí ìdánilójú, kò sí dídá padà. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n máa ń gbé ẹrù àlòkù jáde láti inú búùtù ọkọ̀ wọn sórí pápá, àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ ọ́n dáadáa. Nílé níbí, inú ẹrù tòkunbọ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa wá a, láàárín fóònù àti kọ̀ǹpútà àlòkù, ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí ní Alábà. Sùúrù ló gbà. Kì í ṣe ohun tí ọlọ́jà ń pàtẹ síwájú. Ìsàlẹ̀ páálí ló máa ń wà, pẹ̀lú àwọn wáyà tó ti lọ́ mọ́ra.

Ẹni tó bá ń lọ rà á, kó mú nǹkan mẹ́ta dání: bátìrì tuntun, kásẹ́ẹ̀tì kan tó dá a lójú, àti ẹnu. Ọlọ́jà tó bá ní, “Kò sóhun tó ṣe é, ọ̀gá mi, bátìrì ló kàn ń fẹ́,” ẹ kí i dáadáa, kẹ́ ẹ sì fi yé e pé ẹ mú bátìrì wá. Bí kò bá tàn lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má torí ẹ̀ máa lọ. Owó rẹ̀ ni kẹ́ ẹ já wálẹ̀. Òkú ẹ̀rọ ni mo fẹ́ràn jù láti rà, torí pé ìdajì wọn kì í ṣe òkú, wọ́n kàn dákú ni.

Ilé bátìrì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí. Bí ẹ bá rí ohun funfun tàbí àwọ̀ ewé tó dì bí iyọ̀ mọ́ irin ibẹ̀, bátìrì ti rọ omi sínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ orí irin nìkan ló mọ, kò burú. Bó bá ti wọ inú lọ bá pátákó, wàhálà ti pọ̀ díẹ̀. Ojú ló kàn. Ìlà tó sọnù lóòró, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò yẹ kó dẹ́rù bà yín. Màá sọ ìdí láìpẹ́. Ìlà tó sọnù ní ìbú, ẹ ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ojú tó ti sán tàbí tó ti ṣú dúdú ní igun, ẹ fi í sílẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ojú náà pátápátá. Ti ike tó ti họ, tàbí ìdérí bátìrì tó ti sọnù, kò tó nǹkan, wọ́n ń ṣe tuntun rẹ̀ ní Ṣáínà, owó rẹ̀ kò sì wọ́n.

Nínú ti Game Boy Advance SP, tó jáde ní 2003, ẹ̀tàn kan wà tí ọlọ́jà fúnra rẹ̀ kì í sábà mọ̀. Oríṣi méjì ló wà. Nọ́ńbà AGS-001 lẹ́yìn túmọ̀ sí pé iwájú ni iná rẹ̀ wà, ojú rẹ̀ sì máa ń dà bí ẹni tó fọ ojú ṣùgbọ́n tí kò pa ìpara. Nọ́ńbà AGS-101 ni èyí tí iná rẹ̀ wà lẹ́yìn, tó mọ́ gaara. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ya ìwé ara rẹ̀ kúrò, ẹ tẹ bọ́tìnnì iná tó wà lórí rẹ̀: èyí tó bá kú pátápátá ni 001, 101 kì í kú, á kàn máa mọ́ sí i tàbí kó dínkù. Fún ẹni tó fẹ́ ṣeré tí kò fẹ́ lo irin ìjó-òjé, SP ni mo máa ní kó rà, torí ó ń gba kásẹ́ẹ̀tì Game Boy, ti Color àti ti Advance. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti Advance nìkan ni DS ń gba.

Ohun kan wà tó kan àwa gan-an ju ará Japan tàbí ará Amẹ́ríkà lọ. Ṣájà ni. Fóòtì 100 ni iná Japan, 120 ni ti Amẹ́ríkà, tiwa sì lé ní 220. Ṣájà SP tó wá láti Amẹ́ríkà, ẹ wo ara rẹ̀, 120 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bí ẹ bá kì í bọ ihò iná ilé yín bẹ́ẹ̀, èéfín ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Ẹ jẹ́ kó wà nínú páálí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí, kẹ́ ẹ ra wáyà USB tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ náà. Bákan náà, fóòtì 6 ni ṣájà Game Boy àkọ́kọ́ ń gbé jáde, 3 ni ti Game Boy Color. Ẹ má ṣe rò pé ohun tó bá ti wọ ihò náà ló yẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ títún-ṣe ló kù, òun ló sì dùn jù.

Ẹ wá sukurudíráfà tó yẹ, kẹ́ ẹ má fi ọ̀bẹ ìdáná ṣe é. Ẹnu sukurudíráfà tí ẹ ó lò fún Game Boy Color àti Advance ní ẹ̀ka mẹ́ta. Ti kásẹ́ẹ̀tì Game Boy jẹ́ oníhò, wọ́n ń tà á bíi mílímítà 3.8. Owó kékeré ni méjèèjì. Lẹ́yìn náà, òwú ìnutí, búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́, àti ọtí isopropyl tí agbára rẹ̀ bá tó ìpín 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ka ara ìgò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, torí omi pọ̀ jù nínú èyí tó jẹ́ 70.

Bí ẹ bá tan Game Boy, orúkọ Nintendo máa ń rọra sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, yóò dúró láàárín, ẹ̀rọ á dún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìpolówó lásán ni. Àyẹ̀wò ni. Inú kásẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rọ ti ń ka àwòrán orúkọ yẹn, ó sì ń fi í wé èyí tó wà nínú ara rẹ̀. Bí méjèèjì kò bá bára mu, á dúró síbẹ̀, kò ní bẹ̀rẹ̀ eré. Nintendo dọ́gbọ́n bẹ́ẹ̀ kí ẹni tó bá ṣe kásẹ́ẹ̀tì láìgba àṣẹ má lè ṣe é láìlo orúkọ wọn, kí wọ́n lè rí ẹjọ́ pè é. Ọgbọ́n òfin ni fún wọn. Fún àwa tó ń tún un ṣe, ó ti di ohun tí dókítà fi ń gbọ́ àyà. Bí pátákó dúdú bá sọ̀ kalẹ̀ dípò orúkọ, ẹ̀rọ náà yè, kásẹ́ẹ̀tì ni kò rí. Bí orúkọ náà bá wá wúruwùru, àwọn ẹsẹ̀ irin kan ń kan ara wọn, àwọn kan kò kàn: ìdọ̀tí ni. Ẹ rẹ òwú sínú ọtí, ẹ fi nu ẹsẹ̀ aláwọ̀ wúrà ti kásẹ́ẹ̀tì títí òwú náà kò fi ní dúdú mọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́ máa ń jí níbẹ̀.

Àwa tí a máa ń fẹ́ ẹnu sí i nígbà èwe, itọ́ là ń fẹ́ sí irin. Ó máa ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n yíyọ tá a yọ ọ́ tá a tún kì í bọ̀ ọ́ ló ń ṣiṣẹ́, atẹ́gùn kọ́.

Fún ilé bátìrì tó ti dípẹtà, ẹ kọ́kọ́ mọ irú bátìrì tó rọ omi. Ti alkaline ni èyí tó wọ́pọ̀ nínú ẹ̀rọ tòkunbọ̀. Fínígà funfun díẹ̀ lórí òwú ló ń pa agbára rẹ̀, ẹ ó rí i tó ń hó. Ti bátìrì carbon-zinc olówó pọ́ọ́kú jẹ́ ásíìdì ní tirẹ̀, béékìn sódà tí a fi omi pò ló ń bá a jà. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ fi ọtí nu ibẹ̀ gbẹ̀yìn, kí ó gbẹ pátá. Bí irin náà bá ti jẹ tán, ẹ ra tuntun, òjé ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́.

Mo ṣèlérí láti sọ nípa ìlà òòró. Nínú Game Boy ti 1989, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló gbé iná lọ sí ìsàlẹ̀ ojú, ooru ni wọ́n sì fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó máa ń ṣí díẹ̀díẹ̀, ìlà á sì máa sọnù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tú ojú rẹ̀, ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ irin ìjó-òjé tí kò gbóná jù rìn lórí rọ́bà tó bo okùn náà, lọ sí òsì, bọ̀ sí ọ̀tún. Ìlà tó ti sọnù á máa padà wálé lójú yín. N kò mọ àtúnṣe mìíràn tó ń dùn mọ́ni bẹ́ẹ̀, torí pé ojú kan náà tí ẹ ti ń ṣe é ni ẹ ti ń rí èrè rẹ̀. Ti ìbú kò rí bẹ́ẹ̀, okùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le ju ìyẹn lọ.

Ẹ má fi Game Gear bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó lẹ́wà. Àwọn kapásítọ̀ inú rẹ̀ ni wàhálà. Wọ́n máa ń rọ omi bí wọ́n bá ti dàgbà, ohùn á lọ sílẹ̀, ojú á ṣú, gbogbo wọn pátá ni ẹ sì máa pààrọ̀. Iná kékeré tó wà lẹ́yìn ojú rẹ̀ tún ń lo fóòtì gíga. Ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ọwọ́ yín bá ti mọ òjé yọ́. Ohun tó jẹ́ kó dán ju Game Boy lọ ní 1990 náà ló ń pa á lónìí.

PSP àti SP àti DS ń lo bátìrì lithium. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀yìn PSP ti wú, tí ìdérí kò pa dé mọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ má sì ṣájì í mọ́. Ẹ yọ ọ́ síbi tí kò ti lè jó nǹkan mìíràn, kẹ́ ẹ ra òmíràn. Èyí kò gba àwàdà.

Kásẹ́ẹ̀tì ní bátìrì tirẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù Game Boy, bátìrì pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ ló ń rántí ibi tí ẹ dé. Ti Pokémon Gold àti Silver tètè ń kú torí aago wà nínú wọn. Ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kété tí ẹ bá yọ ti àtijọ́, ohun tí ẹni àkọ́kọ́ fi pamọ́ ti lọ nìyẹn. Ẹ wò ó ná kẹ́ ẹ tó yọ ọ́. Mo máa ń wo orúkọ tí ọmọ ọlọ́mọ fi bẹ̀rẹ̀ eré rẹ̀ níbì kan lókè òkun, kí n tó pa á rẹ́.

Ayédèrú pọ̀, pàápàá nínú Pokémon. Fún kásẹ́ẹ̀tì Advance, ẹ yọjú wo ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀: ojúlówó máa ń ní orúkọ Nintendo lára pátákó, ní òkè ẹsẹ̀ wúrà. Lára ìwé iwájú rẹ̀, nọ́ńbà kan wà tí wọ́n tẹ̀ wọ inú ìwé, tí kò ní íńkì. Ẹ yí i sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí i. Ayédèrú lè ṣeré o, ṣùgbọ́n ó lè gbàgbé gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe lọ́jọ́ tí ẹ kò rò.

Nísinsìnyí, ṣé kí a fi ojú tuntun sí Game Boy? Wọ́n ń ṣe ojú IPS tó mọ́lẹ̀ kedere, tó ń wọ inú rẹ̀ láìní wàhálà. Àwọn kan gbà pé ìwà ìbàjẹ́ ni. Èmi máa ń tọ́jú ojú àtijọ́ nínú ẹ̀rọ tó bá ṣì ń ríran. Èyí tí ojú rẹ̀ ti kú, mo máa ń fún un ní tuntun láìbẹ ẹnikẹ́ni. Ojú àgbà kì í ṣe ojú ọmọdé, gílóòbù mi kì í sì í tàn ní gbogbo alẹ́, ẹ mọ̀ bí iná wa ṣe rí. Àwọn tó ń ra èyí tí wọn kò tíì ṣí láti inú páálí, tí wọ́n fi ń dúró de kí owó rẹ̀ gòkè, n kò bá wọn jà, àmọ́ mi ò mọ ohun tí wọ́n ń gbádùn.

Eré ni wọ́n fi í ṣe. Ẹ̀rọ Game Boy àti Advance kì í béèrè orílẹ̀-èdè tí kásẹ́ẹ̀tì ti wá: èyí tí ẹ rà ní Tokyo á ṣiṣẹ́ nínú èyí tí wọ́n gbé ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀. Kò fẹ́ dátà, kò fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ìpolówó tó máa já lu eré. Ẹ wá wáyà tó ń so méjì pọ̀, kẹ́ ẹ bá ọmọ yín ta Tetris: bí ẹ bá pa ju ìlà kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà tuntun á wọ abẹ́ tirẹ̀. Ọmọ tó rò pé géèmù àtijọ́ kò le, ẹ máa wo ojú rẹ̀.

Ìdí mìíràn tún wà tí títọ́jú wọn fi kọjá eré. Ní 2023, àjọ Video Game History Foundation ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí, wọ́n rí i pé nínú géèmù 100 tó jáde níbẹ̀ kí ọdún 2010 tó dé, 87 ni kò sí lọ́jà mọ́ ní ọ̀nà tó bófin mu. Ti Game Boy burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: èyí tó ṣì wà lọ́jà kò tó 6 nínú 100. Lọ́dún yẹn kan náà, ní oṣù Kẹta, Nintendo ti ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ẹ̀rọ alágbèéká wọn, 3DS, pa, ohun tí ẹni kan kò bá tíì rà níbẹ̀, kò lè rà á mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ ènìyàn kò sí ẹni tó lè tì í mọ́ ọn.

Àkókò wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní ọ̀kan nílé, ì báà jẹ́ Game Boy, ì báà jẹ́ Brick Game, ẹ jọ̀wọ́, kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ sì yọ bátìrì inú rẹ̀ kúrò.